Ọwọ́ Òsì Màlúù

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi kí ẹlòmíì tó fi iyọ̀ sí i: mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò rí, kì í sì í ṣe pé mi ò kàwé. Mo kàwé títí ojú mi fi wọnú. Àǹtí mi Títíloyè ló kọ́ mi débi tí mo fi fìdí rẹmi, òun náà ló sì fà mí yọ. Ẹni tó bá ti fẹ́ máa rẹ́rìn-ín báyìí, kó rọra o, torí pé inú mi máa ń tètè bí tó bá ti kan ọ̀rọ̀ obìnrin yìí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Ìkìrun ni wọ́n bí i sí, àmọ́ Aduwawa ní Bìní làwọn èèyàn ti mọ̀ ọ́n. Ọkọ rẹ̀, tó ń lẹ táyà, ló mú un wá síbẹ̀ nígbà tó ṣì kéré. Wọn ò tíì lo ọdún márùn-ún tí ọkùnrin náà fi kú, kò sì sọ́mọ. Àwọn ará ilé ní kó máa bọ̀ nílé. Ó ní, "Kí n wá ṣe kí ni? Kí n wá jókòó kẹ́ ẹ máa káàánú mi?" Ó lọ wọṣẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta inú ẹran, ó ń bá a fọ ṣàkì, ó ń bá a yí ìfun padà, ó ń bá a ha àbọ̀dì, ìyẹn ìfun tó tóbi. Nígbà tó di ọdún kẹta, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé odò ẹran lónìí tẹ́ ẹ ní ẹ̀ ń wá Títíloyè, ńṣe ni wọ́n á máa wò yín. Ẹ ní Màmá Ṣàkì, kíá ni wọ́n á mú yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá mi kú, tí bàbá mi Ọlájídé fi mí ránṣẹ́ sí i. Àwọn ọmọ Yorùbá tí mo bá ní àdúgbò wa, tí ìyá wọn bá bá wọn sọ Yorùbá, pijin ni wọ́n fi ń dáhùn. Èmi náà fẹ́ dà bíi wọn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, Àǹtí bi mí bóyá mo ti yó, mo ní, "I don belleful." Ó bu ẹ̀bà míì sí i. Mo tún sọ ọ́, ó tún bù ú. Ìgbà tí ẹ̀bà ga ju orí mi lọ ni mo pariwo pé, "Àǹtí, mo ti yó o!" Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, o ti wá sọ̀rọ̀." Láti ọjọ́ náà, mi ò dán irú ẹ̀ wò mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń pín inú ẹran lódò ẹran wa, torí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ti dúńbú màlúù tán, wọ́n á fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, ikùn á kọjú sókè. Níbi orí rẹ̀ ni gọ́tà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ wà. Ibẹ̀ dọ̀tí, ó ń yọ̀, kò sẹ́ni tó ń dúró síbẹ̀ àfi ẹni tó fẹ́ ra orí. Níbi ìdí màlúù ni àwọn tó ń ra inú máa ń tò sí. Obìnrin méjì ló máa ń pawọ́ pọ̀ ra inú màlúù kan. Kí alápatà tó la ikùn, ẹni tó kàn láti kọ́kọ́ mú á ní, "Ọ̀tún ni tèmi," ẹnì kejì á gba òsì. Ohun tó bá bọ́ sápá ọ̀tún ẹni tó dúró níbi ìdí ni ọ̀tún. Ọ̀tún yẹn ni ṣàkì máa ń wà, nítorí náà òun ni gbogbo èèyàn ń fẹ́. Òsì ni ìfun àti àwọn ikùn kéékèèké tó kù. Ohun tó o bá sì ti fẹnu ara rẹ sọ, o ti sọ ọ́ nìyẹn, kò sí pé mo ṣì í sọ.

Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń bá Àǹtí lọ síbẹ̀ láràárọ̀ Sátidé, tí ilé ìwé bá sì ti wọ ìsinmi, ojoojúmọ́ ni. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí, níbi ìdí. Nígbà tí mo fi máa pé ọmọ ọdún méjìlá, tẹ́ ẹ bá dì mí lójú, mo lè fọwọ́ dá gbogbo ohun tó wà nínú màlúù mọ̀. Àǹtí ní agolo mílíìkì kan tó kó àwọn nǹkan tó ti bá nínú ikùn tó rí bí afárá oyin sí: ìṣó, wáyà, kọ́kọ́rọ́ kan, abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Ó máa ń ní, "Ṣó o rí i, ohunkóhun tí màlúù bá gbé mì tó wúwo, iwájú níbí ló ń bọ́ sí, nítòsí ọkàn. Ìṣó kékeré báyìí ló ń pa ẹran ńlá." Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kí olùkọ́ kankan tó sọ ọ́ fún mi.

Nígbà tí mo wọ yunifásítì ní Bìní láti kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran, Àǹtí sọ fún gbogbo odò ẹran, títí kan àwọn màlúù. Nígbà tó wá di pé a fẹ́ kọ́ nípa ikùn àwọn ẹran ọ̀sìn, bí ti màlúù ṣe rí, bí ti ẹlẹ́dẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí ti ajá, bí ti ẹṣin ṣe jẹ́ tiẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sunkún nítorí orúkọ gígùngígùn tí wọ́n ní ká há sórí. Èmi ń rẹ́rìn-ín ni. Ikùn mẹ́rin tí wọ́n ní màlúù ní, èwo nínú wọn ni mi ò tíì fọ̀ rí? Ṣàkì ńlá, èyí tó dà bí afárá oyin, èyí tó ní abala bí ìwé, àti ikùn gidi tó ń yọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Mo ní àwọn tó kọ ìwé wọ̀nyí ò fọ ṣàkì rí láyé wọn. Ìgbéraga ni, mo mọ̀ báyìí.

Nírọ̀lẹ́, Àǹtí á gbé ọpọ́n síwájú, èmi á ṣí ìwé, èmi á máa túmọ̀ rẹ̀ fún un, òun á máa dá ìwé lẹ́jọ́. "Kíndìnrín màlúù pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí èso àjàrà, ti ewúrẹ́ ń dán bí ẹ̀wà." Á ní, "Òótọ́ ni, máa lọ." Ọjọ́ tí mo dé ibi òróòro ni ogun bẹ́. Mo kà á pé ẹṣin kò ní òróòro.

"Irọ́!" ni Àǹtí sọ. Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀. "Bùsáyọ̀, tún un kà."

"Àǹtí, ohun tí wọ́n kọ nìyẹn. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣe omi kíkorò náà, àmọ́ kò sí àpò tó ń gbà á dúró. Tààrà ló ń ṣàn lọ sínú ìfun, torí pé ẹṣin kì í yéé jẹun."

"Áà! Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ohun tí mò ń ṣọ́ra fún jù láyé ni kí òróòro má bẹ́ sórí ẹran oníbàárà. Kí ẹran kan wá wà tí kò ní in rárá? Wọ́n ń tàn yín ni!"

Ní ọjọ́ kejì, ó bi Sùlè, alápatà wa, ọmọ Ìlọrin, tí bàbá rẹ̀ ń sin ẹṣin. Sùlè ní òun ò rí inú ẹṣin rí, gígùn làwọn ń gùn ún. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Àǹtí fi bá ìwé mi yan odì. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa, mo ti gbà. Àmọ́ ẹṣin ò ṣe dáadáa."

Báyìí la ṣe kọ́ ọ, lójoojúmọ́, títí ìdánwò fi dé. Wọ́n to tábìlì, wọ́n kó ẹ̀yà ara ẹran sórí wọn, wọ́n so ewúrẹ́ láàyè mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ní ká máa kọ ohun tá a rí àti apá ibi tó máa ń wà lára ẹran. Mo kọ ọ́ bí ẹni ń kọ orúkọ ara rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde. Mo ra ẹ̀pà, mo jókòó sábẹ́ igi, mo ń wo àwọn tó ń jáde tí ojú wọn ti pọ́n, mo ń káàánú wọn.

Ọjọ́ tí wọ́n lẹ èsì mọ́ ògiri, mo wá orúkọ mi lókè títí, mi ò rí i. Ìsàlẹ̀ ni mo ti bá a, láàárín àwọn tó fìdí rẹmi. Mo ní wọ́n ti gbé ìwé ẹlòmíì fún mi. Mo bú ògiri, mo bú ẹni tó lẹ ìwé náà mọ́ ọn, obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ fi ìgbálẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ó sá. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ mi ni pé màá tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹni tó bá tún fìdí rẹmi, wọ́n máa yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ dókítà ẹran pátápátá.

Bàbá mi gbọ́, ó pè láti Ìkìrun. Ó ní kí n má wulẹ̀ dúró jẹ ìyà kejì, kí n máa bọ̀ nílé, òun ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Mi ò tíì dáhùn tí Àǹtí fi já fóònù gbà lọ́wọ́ mi. "Ọlájídé, ṣó o ti jẹun? O ò tíì jẹun. Lọ jẹun." Ó pa fóònù. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Lọ́la, wọ aṣọ tó dáa. À ń lọ rí olùkọ́ rẹ."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo rí i pé ó gbé kúlà kan dání. Mo ṣí i. Ṣàkì àti ìfun ló kún inú rẹ̀. Orí mi gbóná. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe báyìí fún mi! Wọ́n á ní ẹ̀gúnjẹ la gbé wá!"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gúnjẹ? Ẹ̀rí ni."

A wọ kẹ̀kẹ́, a bọ́ sí bọ́ọ̀sì, a sọ̀ ní Uselu láàárín àwọn mẹkáníìkì, a tún wọ òmíràn, kúlà ń jò sí mi lẹ́sẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Dókítà Olúmúyìwá ló ń kọ́ wa, ọmọ Èkìtì, ọkùnrin tí kì í pariwo. Àǹtí kúnlẹ̀ kí i, ó sì gbé kúlà sórí tábìlì rẹ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀.

"Dókítà, ẹ káàárọ̀ sà. Ọmọ yìí mọ inú màlúù ju bó ṣe mọ ilé bàbá rẹ̀ lọ. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ohun tó wà nínú kúlà yìí, ẹ mú èyíkéyìí, kẹ́ ẹ bi í."

"Mà, ẹ dìde, ẹ jókòó." Dókítà ò rẹ́rìn-ín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún un. Ó mú ìwé ìdánwò mi jáde. "Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ àti iṣẹ́ wọn tó o nínú kíláàsì. Bùsáyọ̀, apá ibo lára màlúù ni ṣàkì wà?"

Èmi àti Àǹtí fi ẹnu kan náà sọ ọ́: "Ọ̀tún!"

"Ìfun ńkọ́?"

"Òsì!"

Ó ní, "Mà, tí wọ́n bá ń la ẹran lódò, ibo lẹ máa ń dúró sí?"

"Níbi ìdí rẹ̀ ni. Ibo la tún fẹ́ dúró sí?"

Dókítà dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó sì na ọwọ́ kan sókè. "Ọwọ́ mi wo nìyí?" Àǹtí ní òsì ni. Ó wá yí padà, ó kọjú sí wa, ọwọ́ náà ṣì wà lókè. "Ó ti wá di èwo báyìí?" Àǹtí la ẹnu láti sọ ọ̀tún, torí pé apá ọ̀tún wa ló wà lóòótọ́. Ó pa ẹnu dé.

"Òsì náà ni, Mà," ni Dókítà sọ. "Kò sí bí ẹ ṣe dúró tó máa yí i padà. Tá a bá ní òsì, òsì ti ẹran fúnra rẹ̀ là ń sọ, kì í ṣe ti ẹni tó ń wò ó. Tí màlúù bá wú, tí afẹ́fẹ́ fẹ́ pa á, kòtò ìhà òsì rẹ̀ la ti ń gún un, kí afẹ́fẹ́ inú ṣàkì lè jáde. Ẹni tó bá gún un ní ọ̀tún, ìfun ló gún yẹn, ó sì ti pa ẹran ẹlẹ́ran. Gbogbo ohun tí ọmọ yìí kọ ló tọ̀nà, àfi pé òdìkejì ló kó wọn sí. Gbogbo rẹ̀ pátá. Mi ò lè fún un ní máàkì lórí ìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà gbá mi lójú. Ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń dúró níbi ìdí màlúù yẹn ti tò ó sí mi lójú bẹ́ẹ̀, ìwé tí mò ń kà ò sì rí ibi wọlé. Tí ìwé bá ní òsì, ojú mi á kà á sí òsì, inú mi á ní àṣìṣe àwọn tí ò fọ ṣàkì rí ni.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo sọ ohun tí mo ṣì ń kábàámọ̀ rẹ̀ títí dòní. Mo ní, "Ẹ ò bá ti fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé mi." Àǹtí gbá kúlà mọ́ àyà títí a fi dé Aduwawa. Nígbà tá a wọlé, ó jókòó sórí àpótí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Mi ò rí i kó sunkún rí, kódà nígbà tí wọ́n jí gbogbo ọjà rẹ̀ kó. Ó ní, "Èmi ni mo fìdí rẹmi, Bùsáyọ̀. Ìwọ kọ́." Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, òun ò ráyè ẹ̀bẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù. Ohun tí mo fi sí ọ lójú, èmi náà ni màá yọ ọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a dé odò ẹran. Àwọn obìnrin ti tò síbi ìdí màlúù bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Àǹtí ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ bàtà òjò, ó gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó sì lọ dúró síbi orí, nínú gọ́tà ẹ̀jẹ̀. Ó fi ọwọ́ pè mí. Ìyá Osayi, obìnrin Ẹ̀dó tí wọ́n jọ máa ń ra inú màlúù, pariwo sí i pé, "Màmá Ṣàkì, wetin you dey find for blood?" Àǹtí ní ìwé lòun ń wá níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Láti ibi orí, tí màlúù bá fẹ̀yìn lélẹ̀, òsì rẹ̀ àti òsì tèmi bọ́ sí ọ̀gangan kan náà. Àǹtí á ní, "Na ọwọ́ òsì rẹ." Màá nà án. "Kí ló wà níbẹ̀?" "Ṣàkì." "Òsì ta ni?" "Òsì màlúù." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é láràárọ̀ kí n tó lọ sí kíláàsì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹnu mi ṣì ń sọ ọ̀tún. Á gbá mi lọ́wọ́, á ní ká tún bẹ̀rẹ̀. Àǹtí fúnra rẹ̀ náà ń ṣì í sọ, á sì gbá ọwọ́ ara rẹ̀. Tá a bá délé, á so ewúrẹ́ aládùúgbò mọ́lẹ̀, á ní kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n kọjú síbi tó kọjú sí, kí n fọwọ́ lé kòtò ìhà òsì rẹ̀ títí ṣàkì rẹ̀ á fi yí lábẹ́ ọwọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ewúrẹ́ náà mọ̀ mí débi pé tó bá ti rí mi, á dúró fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọjà le, ọdún ku ọjọ́ díẹ̀, gbogbo oníbàárà Àǹtí ló ti ní ṣàkì làwọn fẹ́. Òun ló kàn láti kọ́kọ́ mú. Ó wà níbi orí, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Sùlè gbé ọ̀bẹ lé ikùn. Sùlè ní, "Màmá, èwo lẹ mú?"

Àǹtí ní, "Òsì!"

Ìyá Osayi pàtẹ́wọ́, ó ní, "You don talk am o!" Lófin ọjà, òsì ni ìfun. Ṣàkì ti di ti Ìyá Osayi. Sùlè wo Àǹtí, ó rọra sọ fún un pé tó bá jẹ́ pé ó ṣì í sọ, òun lè bá a bẹ̀ wọ́n. Mo mọ Àǹtí. Lọ́jọ́ mìíràn, ì bá ti ja ìjà náà dé ààfin. Ó ní, "Mi ò ṣì í sọ. Òsì ni ṣàkì wà. Ẹ fún un." Ó tẹ̀ sí mi létí, ó ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ìwọ ńkọ́?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ àtúnṣe ìdánwò pé. Ọ̀gá kan tí wọ́n pè láti yunifásítì míì ló wá bi wá, obìnrin tó wọ gíláàsì, tí ojú rẹ̀ le. Dókítà Olúmúyìwá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ewúrẹ́ kan wà lórí ìso, ó kọjú sí mi gan-an. Ọ̀gá ní kí n fọwọ́ lé ibi tí ṣàkì rẹ̀ wà, kí n sì sọ apá ibi tó jẹ́. Ẹnu mi tún fẹ́ sọ ọ̀tún, mo fi eyín mú ahọ́n mi. Mo rìn yí ewúrẹ́ náà ká, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká rẹ̀, mo kọjú síbi tó kọjú sí. Mo gbọ́ ohùn Àǹtí lórí mi pé na ọwọ́ òsì rẹ. Mo nà án, mo gbé e lé kòtò ìhà rẹ̀. Mo dúró. Ó yí.

"Òsì nìyí, Mà," ni mo sọ.

Ó mú mi dé ibi tí wọ́n tẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ kan sí, tí wọ́n ti la ikùn rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rìn lọ síbi orí rẹ̀. Ó ní kí n sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹlẹ́dẹ̀ àti ewúrẹ́. Mo ní ikùn kan ni ẹlẹ́dẹ̀ ní, kì í ṣe mẹ́rin, àti pé àbọ̀dì rẹ̀ tó lọ́ bí ìgbín ló gba ọ̀pọ̀ àyè lápá òsì rẹ̀, níbi tí ṣàkì wà lára ewúrẹ́. Ó bi mí nípa ẹṣin: tí ìhà ọ̀tún rẹ̀ bá wú, kí ló ṣeé ṣe kó fà á? Mo ní àpò ìfun ńlá tí ìdí rẹ̀ dí pa ni, ọ̀tún ló ń gbé. Ó ní, "Òróòro rẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo ní, "Ẹṣin kò ní in, Mà."

Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀. Ó ní, "Kí ló dé tó o fi ń yí ẹran po kó o tó dáhùn?"

"Kí òsì mi lè jẹ́ òsì rẹ̀ ni, Mà. Ẹni tó kọ́ mi ló ní kí n máa ṣe é bẹ́ẹ̀."

Ó wo Dókítà Olúmúyìwá, ó rò pé òun ni mò ń sọ. Dókítà mi orí pé òun kọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ ni èsì jáde. Mo rí orúkọ mi, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò bú ògiri kankan. Eré ni mo sá dé ojú títì, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo dé odò ẹran. Níbi orí, nínú gọ́tà, ni mo ti bá Àǹtí. Mo ké láti òkèèrè, "Àǹtí, mo yege! Mo yege o!" Ó dojú ọpọ́n dé, ó jókòó lé e, ó fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ méjèèjì bojú. Sùlè ju ọ̀bẹ sókè. Ìyá Osayi ń jó níbi ìdí màlúù, ó ń pe orúkọ mi ní òdìkejì ohùn tó yẹ kó fi pè é, mi ò bínú sí i.

Nígbà tí Àǹtí nu ojú tán, tí ẹ̀jẹ̀ ti kún ojú rẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Ẹ máa padà síbi tẹ́ ẹ máa ń dúró sí. Ó ti tán."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó ti tán? Ọdún mélòó ló kù fún ọ?"

"Mẹ́ta."

"Ibi tí mo dúró sí ló kọ́ ọ lódì. Mi ò ní padà síbẹ̀ títí wọ́n á fi pè ọ́ ní dókítà. Kì í ṣe ìwọ ló máa sọ ibi tí mo máa dúró sí fún mi, ṣé o gbọ́?"

Kò sì padà. Ọdún tó kẹ́yìn ni mo wà báyìí. Ní òjò, ní ẹ̀ẹ̀rùn, inú gọ́tà ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń dúró sí, bàtà òjò mẹ́rin ló ti gbó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, eékún sì ń dùn ún. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí ó ti sú mi. Ní Sátidé tó kọjá, mo ra bàtà òjò tèmi, mo lọ dúró tì í. Sùlè gbé ọ̀bẹ lé ikùn, ó ní ta ló kàn. Àǹtí ló kàn.

"Ọ̀tún!" ló ké sí wọn níbi ìdí, torí pé ọjà lọjà ń jẹ́, ó sì ní oníbàárà. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó yíjú sí mi, bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo àárọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn. "Ìwọ ńkọ́?"

"Òsì, Àǹtí."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ló sọ, ó sì ní kí n sún kúrò lọ́nà omi ẹ̀jẹ̀.